Ìkéde Tí Kò Dé Ìta

Ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àìka-èèyàn-sí ni àrùn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ti kàwé tó o, bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà ló rí lójú rẹ̀.

Ilé ìkàwé òfin ní yunifásítì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kọ ìròyìn ilé ìkàwé náà, òun ló sì ń lẹ ìkéde: ìwé tuntun tó dé, àkókò tí wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn nígbà ìdánwò, yàrá tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́. Kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè rọra húkọ́ tó, yóò ti pariwo, "Ẹ dákẹ́!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹ-Dákẹ́ nìyẹn. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé ariwo tirẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó jẹ́ aránṣọ. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ló rán an níléèwé. Obìnrin náà àti ìyá wọn ló ń gbé inú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ àbúrò bàbá wọn gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé tòun ni ilé náà, ẹ̀gbọ́n pe Ẹ-Dákẹ́ lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ bá mi bójú tó o," ló wí. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi."

Ẹ-Dákẹ́ kò tún béèrè ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé, obìnrin kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, gbé ìkéde kan lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́rú, olùkọ́ òfin kan yóò máa jókòó sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ tí kò sì ní lọ́yà lè wá kí wọ́n bá a yẹ ìwé rẹ̀ wò, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Pátákó ìta ni kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ o," ni ọ̀gá wí. "Àwọn aráàlú ò ní káàdì tí wọ́n lè fi wọlé."

"Ó ti yé mi, mà."

Ó yé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ, àwọn tó máa fi bàtà eléruku tẹ ilẹ̀ dídán ló ń rò, tí wọ́n á máa béèrè ìbéèrè tí kò lórí tí kò nídìí. Ó wọlé, ó kọjá ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fi káàdì ṣí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó inú. Ìkéde àwọn tí kò lè wọlé wà nínú ilé. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Ọjọ́rú ń gorí Ọjọ́rú, olùkọ́ òfin ń dá jókòó.

"Ṣé o lẹ ìkéde yẹn?" ni ọ̀gá béèrè.

"Mo ti lẹ̀ ẹ́, mà. Bóyá wọn ò nílò ẹ̀ ni."

Láàárín àkókò yìí gan-an ni ilé ẹjọ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bi. Obìnrin náà kó ìwé ìdájọ́ sínú àpò, ó wá sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó ṣáà mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti mọ òfin ni àbúrò òun ń ṣiṣẹ́. Ẹ-Dákẹ́ yọjú sí i. Téèpù tí ẹ̀gbọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọjá. Ojú ti ọkùnrin náà.

"Àǹtí, ibi iṣẹ́ nìyí o. Ẹ jókòó síta ná, mò ń bọ̀."

Kò bọ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ pátákó ìta títí oòrùn fi yí. Ó ka gbogbo ohun tó wà lára pátákó: àkókò ìdánwò tó ti kọjá, àti ìkéde agbòjò tí ẹnì kan gbàgbé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dìde, ó lọ sílé. Gbogbo àkókò yẹn, olùkọ́ òfin wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ògiri kan péré ló wà láàárín wọn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé ìyá àti ọmọ jáde. Yàrá kan ni wọ́n há sí, ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbi ẹsẹ̀ ibùsùn. "Ìgbà wo la máa lọ sílé?" ni ìyá ń béèrè láràárọ̀. Àìsàn dá a gúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n padà wá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ìyá fẹ́ rí i. Olùkọ́ òfin ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè ohun tó ṣe é, obìnrin náà bú sẹ́kún, ó yọ ìwé ìdájọ́ jáde. Olùkọ́ kà á, ojú rẹ̀ fà ro.

"Màmá, ìdájọ́ yìí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. À bá ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àkókò tí òfin fún yín ti kọjá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá bá mi ní Ọjọ́rú?"

"Mo wá, sà. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo jókòó sí."

"Ẹ ò wá rí ìkéde lára pátákó?"

"Mo ka gbogbo ẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ agbòjò ni mo rí."

Ọ̀gá àgbà ti dé síbẹ̀, Ẹ-Dákẹ́ náà sì ti jáde wá. Ó wo Ẹ-Dákẹ́. "Lọ mú ìkéde náà wá," ló wí.

Ẹ-Dákẹ́ wọlé, ó yọ ìkéde kúrò lára pátákó inú, ó mú un jáde. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó kà á tán, ó tún un kà.

"Àbúrò mi," ló wí, "èèyàn bíi tèmi ni wọ́n kọ ọ́ fún."

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ẹ-Dákẹ́. Ìyá wọn kú sínú yàrá háyà yẹn kó tó rí ojú tí yóò fi lọ wò ó, ìbéèrè ilé ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí dópin. Lẹ́yìn náà ni Ẹ-Dákẹ́ tó lọ kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí. Ẹ ṣáà sọ nǹkan."

"Mi ò bínú, àbúrò mi. Mo kàn máa ń rántí pé mo jókòó síbẹ̀ ni."

Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Títí dòní, tí ọkùnrin náà bá wá, yóò fún un ní àga, yóò sì máa ránṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò ṣòro. Bí wọ́n bá fi ohun tó máa ṣe ọmọ aráyé láǹfààní sí ìkáwọ́ rẹ, má ṣe jókòó máa yan ẹni tó tọ́ sí. Ìwọ kọ́ lo ni ín. Má sì dúró dìgbà tó bá kan ẹbí rẹ kí o tó mọ̀ pé èèyàn lẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ pé ìkéde náà ti wà níta báyìí, àwọn èèyàn sì ń wá ní Ọjọ́rú. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ilé yẹn ti bọ́, ìyá yẹn ò sì délé.