Igbó Ìsun Tí Qúdrát Fi San Owó Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ bá a dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra àtilọ sókè òkun, nítorí ojú ń kán ọ̀pọ̀ nínú wọn.

1.
Ní Igbógílà, lẹ́yìn ilé ìyá kan tó ń jẹ́ Modinat, igbó kékeré kan wà tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríbi wọ̀. Àfàrà, àpá àti ìrókò ló so ọwọ́ pọ̀ lókè rẹ̀. Lábẹ́ wọn ni omi kan ti ń sun jẹ́jẹ́, tútù nini, bí ẹni pé òru kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Bàbá àgbà tó tẹ agboolé náà dó ti ní kí àáké má ṣe wọ ibẹ̀. Omi yìí ni gbogbo obìnrin agboolé ń pọn. Òun ni Màmá Modinat fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe fùfú, fùfú yẹn ló sì fi rán Qúdrát, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sí ilé-ìwé gíga ní Ìlaròó. Bàbá Qúdrát ti kú, Qúdrát ló sì jogún igbó náà.

Qúdrát kàwé tán, àlá sì bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ lọ gba oyè másítà sókè òkun lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà: kí ló dé tí òjò ò tètè rọ̀ mọ́, kí ló dé tí ooru ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bó bá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ ti lọ. Á rí ara rẹ̀ nínú kóòtù òtútù gígùn, òjò dídì ń já bọ́ lé e léjìká bí òwú.

Ìyá rẹ̀ á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ ẹ o! Òkè òkun ò ní sá lọ."

Nígbà tó ń kọ̀wé sí ilé-ìwé náà, wọ́n bi í léèrè ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣe láti dáàbò bo ilẹ̀ àti omi wọn. Igbó ẹ̀yìnkùlé ló kọ nípa rẹ̀. Ó kọ ọ́ débi pé omijé bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Kò pẹ́, èsì dé: wọ́n ti gbà á. Wọ́n ní ìrànwọ́ owó wà fún ẹni tó bá yege jù, kó fi sùúrù dúró de ìpinnu àwọn. Ẹni tí kò bá lè dúró lè san àsansílẹ̀ láti fi di àyè rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n bí owó yìí bá ti wọlé, wọn kì í dá a padà.

2.
Sùúrù yìí gan-an ni Qúdrát ò ní. Ọjọ́ tí èsì dé ló ti gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé rí i. Láti ìgbà náà, kò lè gba ọjà Ayétòrò kọjá kí Bámikẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé, má pè é.

"Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù! Ṣé o ṣì wà ńbí? Àbí ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi rìn lọ ni?"

Àwàdà lásán ni, ṣùgbọ́n ó wọ Qúdrát lára. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mú Husain, oníṣòwò pákó láti Òkè-Ọ̀dàn, wá wo igbó náà.

Husain gbójú sókè títí, ó mí kanlẹ̀. "Àfàrà rèé! Màmá, ẹ ń sùn lórí owó, ẹ wá ń pariwo pé kò sówó!"

Màmá Modinat gbójú kúrò lára Husain. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí. "Qúdrát, orí omi lẹ fẹ́ ṣí sílẹ̀ yẹn o."

"Màmá, igi ni. Yóò tún hù."

"Kó tó hù ńkọ́? Kí la ó máa fi rẹ ẹ̀gẹ́? Itọ́ ẹnu?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá kàwé náà dé, èmi ni màá kọ́ gbogbo Yewa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi."

"Ẹ̀ẹ́n. Wàá wá kọ́ wa ní ohun tí a ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n dàgbà sídìí fùfú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún ìyá lọ́kàn. Ìyá wo ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló dí ọ̀nà mọ́ ọmọ òun? Ó wolẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

3.
Ẹ̀rọ agégi ké, ó ké. Nígbà tó dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò rí níbẹ̀ rí rọra sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ sórí omi bí aṣọ àlà. Ó dára lójú Qúdrát. Ó rò pé àmì ire ni. Ó fi owó tí Husain san lórí igi náà san àsansílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo kóòtù òtútù lórí fóònù.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Omi fà sẹ́yìn, ó di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì là bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó. Àwọn obìnrin agboolé wá ń rìn dé odò ìsàlẹ̀ oko kí wọ́n tó rí omi pọn. Fùfú Màmá Modinat kò kún àtẹ mọ́.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún. Obìnrin òyìnbó kan láti ilé-ìwé náà yọjú nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Qúdrát, ìròyìn ayọ̀! Ìwọ la fẹ́ fún ní ìrànwọ́ náà: owó ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ òfuurufú, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. Ìtàn igbó yín ló wọ̀ wá lọ́kàn jù. Jọ̀ọ́, gbé fóònù dé ẹ̀yìnkùlé kí a rí i."

Qúdrát dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ bí ẹni tó ń rìn lójú àlá. Ó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó rí àwọn kùkùté, ó dúró.

"Mà, nẹ́tíwọ̀kì..."

"A ń rí ọ dáadáa."

Ó yí fóònù síta. Adìẹ kan ń tú eruku níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀.

"Igbó náà dà?"

"A ti gé e."

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Òun ni mo fi san àsansílẹ̀ yín."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ó dun òun, lóòótọ́ ló sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní ìrànwọ́ náà. Kò sí ibi tí Qúdrát ti lè rí owó ẹ̀kọ́ tó kù, àsansílẹ̀ sì ti lọ. Àyè bọ́, igbó bọ́, omi bọ́.

Ó wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

Màmá Modinat ò bú u. Ó na garawa kan sí i, ó sì gbé èkejì rù.

"Dìde. Odò jìn, a sì ti bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lọ kàwé, kí ẹ lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta nǹkan ilé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye ẹnu tó ń mu nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí ẹkún ọmọ gbé òtítọ́ mì. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró. Ẹni tó ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà kò ní bá ọ san owó ilé-ìwé. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ojú ń kán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.