Àwọn Tó Wá Wo Kọfí Aman Renggali

Gbogbo ohun tí Aman Renggali ń wá lọ́dún náà kò ju kí wọ́n pe kọfí rẹ̀ ní ipò kìíní lọ. Lọ́dọọdún ni àwọn olùrà láti ìlú Medan ń fi í sí ipò kejì, tí kọfí Aman Sahara tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè sì ń gba ipò kìíní, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún wọ eegun. Renggali, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pè é ní Aman, ìyẹn baba, Renggali, ti tó ilé ọkọ, ìyá rẹ̀ kò sì yéé rán baba létí. Ṣùgbọ́n Aman Renggali ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó títí kọfí òun yóò fi bọ́ sí ipò. Ó ní ọkọ ipò kejì ló ń wá sílé oníkọfí ipò kejì.

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn olùrà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Àtàárọ̀ ni Renggali ń tẹ̀ba lórí atẹ, tó ń ṣa kóró dúdú àti èyí tó fọ́ kúrò lára èyí tó dára. Ní ọjọ́ tí òjò ká kọfí tí wọ́n sá mọ́ orí tapólì, baba rẹ̀ ló jókòó tì í, oorun sì ti gbé e lọ. Renggali ló sáré ti odò dé, tó dá nìkan kó o wọlé. Baba kò bá ẹnikẹ́ni sọ èyí.

Lọ́jọ́ Alámìísì, obìnrin àgbà kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yà sílé wọn. Wọ́n gbé lepat lọ́wọ́, oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì. Wọ́n kí ilé, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn kò sì sọ ohun tó gbé wọn wá. Èyí dùn mọ́ Aman Renggali nínú, nítorí ojúlówó olùrà kì í tètè sọ ohun tó fẹ́ rà. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ jókòó ti obìnrin náà, ó sì ń ṣẹ́jú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ ní kó lọ se kọfí.

Aman Renggali da kọfí díẹ̀ sínú atẹ, ó gbé e síwájú wọn. Ọkùnrin náà bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Obìnrin náà ní tirẹ̀, Renggali tó ń ṣa kọfí lọ́wọ́ nítòsí ló ń wò, ó sì béèrè pé:

“Ta ló ń ṣà á?”

“Ọmọ mi yìí ni.”

“Ó mọ́ tónítóní o.”

Aman Renggali ì bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí kóró kan tí kòkòrò lu ní àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà. Gbogbo ará òkè yẹn ló mọ̀ pé àléébù ara igi kò ṣeé wò sàn, ṣùgbọ́n èèyàn lè tún èyí tí wọn kò ṣà dáadáa ṣà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ló bá yáa di ẹ̀bi náà ru ọmọ.

“Ẹ má wo ti kóró yẹn, kò sí kòkòrò lára igi mi. Ọmọ yìí ni kì í wo iwájú ẹ̀. Ojú ọ̀nà ló máa ń wò ṣáá.”

Obìnrin náà béèrè bóyá ó máa ń tètè jí.

“Jí kẹ̀? Òjò tó pa kọfí yìí lọ́jọ́sí, ṣebí ìdí fóònù ló wà. Èmi arúgbó ni mo kó o wọlé.”

Ọwọ́ Renggali dúró lórí atẹ. Ìyá rẹ̀ tó ń gbé ife bọ̀ tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọkọ sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà rọra ní ọmọdé ṣì ni, bóyá ó máa ń gbọ́ bí wọ́n bá bá a wí.

“Ọmọ tó ń bá adìyẹ jà? Ẹ ṣáà gba kọfí, ẹ bá mi fún ẹlòmíì ṣà.”

Obìnrin náà mu kọfí rẹ̀ tán, ó ní ó dùn, ó ní àwọn ti rí ohun tí àwọn wá wò. Aman Renggali sìn wọ́n dé kọ́nà, ó sì padà wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ló gba ilé yìí là. Renggali ti gba odò lọ, kò sì gbé korobá dání.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àwọn ará Medan dé. Aman Renggali sọ fún wọn pé àwọn àgbà wọn ti wá lánàá. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àwọn kò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n wọn kọfí náà, wọ́n ka àléébù rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ní ipò kìíní ni, pé ẹni tó ṣà á mọ iṣẹ́.

Aman Renggali fi ayọ̀ ké sí ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́, ìyàwó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti gbọ́, ó ní obìnrin àná ni ìyá ọmọkùnrin tí Renggali ti ń retí látọjọ́ yìí, pé ó wá wo ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ láìsọ, bí gbogbo ìyá ọkọ ṣe ń ṣe, àti pé nígbà tó kúrò níbí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sílé Aman Sahara, ó sì tọrọ Sahara ọmọ rẹ̀ fún ọmọkùnrin náà.