Okùn Akínlàjà

Ẹnikẹ́ni tí Ládipọ̀ jórinjórin bá fẹ́ ṣe férémù kẹ̀kẹ́ fún, okùn ló fi máa ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìdí dé gìgísẹ̀. Á ta okùn náà ní kókó, á gbé e kọ́ ìṣó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Okùn Akínlàjà ṣì wà níbẹ̀. Páìpù tó ti sán ni Ládipọ̀ fi ṣe férémù tirẹ̀. Ó fi pọ́tì dí ojú ibi tó sán, ó kùn ún lọ́dà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni kẹ̀kẹ́ náà ti ṣẹ́ sí méjì, ibẹ̀ ni Akínlàjà kú sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá béèrè ohun tó fà á, Ládipọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọmọ yín ló sanra jù."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n múná lọ, oníbàárà kan wọlé, ó fa fìlà bojú. Ládipọ̀ kúnlẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tutù bí irin. Nígbà tó gbé okùn kọ́, kókó rẹ̀ àti ti Akínlàjà ṣe déédéé rẹ́gí.

"Ẹ tún un wọ̀n, ọ̀gá," ni oníbàárà náà wí jẹ́ẹ́. "Mo sanra."

Ládipọ̀ tún kúnlẹ̀, ó di ojúgun rẹ̀ mú. Ọ̀dà bó, pọ́tì gbígbẹ sì rún sí i lọ́wọ́.