Ọkùnrin Tó Ń Tẹ̀ Lé Wọn

Kí Gulalai tó kúrò nílé láàárọ̀ ló ti kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún un. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni, "Kí ni iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìlú yìí kọ́ ọ nípa ara rẹ?" Ó kọ ọ́ pé, "Ó kọ́ mi pé n kì í bẹ̀rù tí mo bá ń ṣe ohun tó dára."

Àǹtí Zaitun, tó ti ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu nílùú Mardan láti ọdún mọ́kànlá, kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì! O ò tíì kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, o ti gboyè."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Àǹtí."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́. Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀kán méjì sẹ́nu ọmọ. Tàdáwà sí ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì. Ṣọ́ọ̀kì sára ilẹ̀kùn. Ọmọ tí tàdáwà bá sì ti wà níka ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ kán an fún un mọ́. Ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, ma."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ méjì tó ń kán oògùn yìí ládùúgbò tó kángun sí ibẹ̀. Orí alùpùpù ni ẹni tó yìn ín wà, ó sì fi aṣọ bojú. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Bakhtiar tẹ̀ lé wọn. Bakhtiar ní òtútù yìí ti pọ̀ jù, ó yà lọ mu tíì.

Àǹtí Zaitun mú apá ọ̀tún àdúgbò náà, Gulalai mú apá òsì. Ilé àkọ́kọ́ tí Gulalai dá kàn ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Obìnrin kan gbé ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méjì jáde. Gulalai ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ náà lọ́wọ́ mú ni ohùn ọkùnrin kan bú jáde láti inú ilé.

"Ta nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà?"

Ó tún gbọ́ nǹkan tó ń lu sìmẹ́ńtì, kọ́, kọ́, kọ́, bí ìdí ìbọn, tó ń sún mọ́ tòsí. Àyà rẹ̀ já. Ó fi tàdáwà sí ìka ọmọ náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn, ó kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn panu dé, ó ń wò ó lọ.

"Kíá báyẹn?" Àǹtí Zaitun pè é láti òdìkejì. "Ṣé kò sí wàhálà?"

"Mo ti sàmì sí i, Àǹtí."

"Káre, ọmọ mi."

Ní ilé kejì, tí Àǹtí Zaitun ti wá bá a, ọmọ méjì fajú ro torí pé oògùn náà korò, wọ́n sì figbe ta. Ìyá àgbà kan la ẹnu tirẹ̀ náà, ó ní kí wọ́n kán an fún òun, eékún òun ti fẹ́ máa rọ. Àǹtí Zaitun rẹ́rìn-ín. Gulalai ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn.

Nígbà tó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí alùpùpù kan. Ọkùnrin tó gùn ún fi ìborùn nínípọn bora dé imú. Nǹkan gígùn kan tí wọ́n fi aṣọ wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Wọ́n yà, ó yà. Wọ́n dúró, òun náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má wẹ̀yìn o."

Àǹtí Zaitun wẹ̀yìn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bakhtiar dà?"

"Kò tíì dé látìgbà tó ti lọ mu tíì."

"Tíì ni yóò pa wá lónìí."

Ní ìkóríta, ọkùnrin náà dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ méjì mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n wo inú ìborùn rẹ̀, wọ́n mirí. Ọ̀kan nínú wọn wá nawọ́ sí Gulalai.

"Ó ń bèèrè mi," Gulalai ní. "Àǹtí, èmi gan-an ló ń wá."

Wọ́n sáré. Wọ́n já sí ọ̀nà kan tí kò ní ẹ̀yìn, ògiri ló dí i. Gulalai di kúlà oògùn mọ́ àyà, ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sunkún. Ó rántí fọ́ọ̀mù inú báàgì rẹ̀, ojú sì tì í. Àǹtí Zaitun ń ké kalímà bí ẹni tí ikú dé bá. Alùpùpù náà wọ ọ̀nà náà, ó dákẹ́.

"Dúró níbẹ̀!" Bakhtiar ló dé láti ẹ̀yìn, ó na ìbọn sí ọkùnrin náà. "Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè!"

Ọ̀kan ṣoṣo ló gbé sókè. Èkejì wà lábẹ́ ìborùn.

"Ọwọ́ kejì, kí n tó yìnbọn fún ẹ!"

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Mi ò lè gbé e sókè."

Ó gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀, alùpùpù náà fì, ó ṣubú, aṣọ tú kúrò lára nǹkan gígùn yẹn. Ọ̀pá arọ ni. Ọkùnrin náà fi èjìká fara ti ògiri, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Èkejì tín-ín-rín, ó ń fì dirodiro nínú ṣòkòtò. Ó ṣí ìborùn. Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méjì wà láyà rẹ̀, ó panu dé, ó ń wo Gulalai.

"Àǹtí," ọkùnrin náà wí, ó sì na ìka ọmọ náà tó dúdú fún tàdáwà sí Gulalai, "àmì tí ẹ fi síbí yìí ni gbogbo wọn ń rí tí wọ́n fi ń dá wa padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kán an sí i lẹ́nu."