Mọ́tò Tó Ń Ṣẹ́jú ní Botro

Sọ̀fíyù mẹkáníìkì kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ìgbéraga ni àrùn tó ń bá a jà. Ó máa ń fẹ́ kí ayé yin iṣẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí ibi tó kù sí. Bouaké ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé-ìwé Faransé, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ àti bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Bí ènìyàn bá pè é ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ojú rẹ̀ á le.

Ìgbà náà kò rọgbọ. Wọ́n ti gé iye owó CFA sí méjì, ọjà kò tà, ọ̀rọ̀ ivoirité, ìyẹn ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àjèjì, sì gba ẹnu tọmọdé tàgbà. Àwọn tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè ibi tí a ti wá. Àlàájì Àmọ̀sù, tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, ní mọ́tò eré-ìje àtijọ́ kan tó rà lọ́wọ́ òyìnbó Faransé tó ń padà sílé. Iná iwájú mọ́tò náà kì í hàn lọ́sàn-án, inú kápò, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì, ló ń sùn sí. Bí a bá tàn án, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà gba inú rọ́bà tín-ín-rín ni yóò gbé e dìde, bí ìgbà tí ènìyàn bá la ojú. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà ti gbó, afẹ́fẹ́ ń jò. Ojú kan á là, èkejì á máa tòògbé. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.

Àlàájì ránṣẹ́ pe Sọ̀fíyù. Ó ní, "Yọ ti afẹ́fẹ́ yẹn kúrò, kí o fi èyí tó ń lo iná bátìrì sí i. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Abidjan lọ́jọ́ Jímọ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú mọ́tò yìí. Bí iṣẹ́ rẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, gáràájì rẹ ni gbogbo wọn yóò máa gbé tiwọn wá. Wọ́n ní jíjẹ mímu nìkan ni Anago wá ṣe níbí. Jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ni Sọ̀fíyù wí. "Màá ṣe é débi tí wọn ò ní rántí bi mí léèrè orúkọ bàbá mi."

Ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó wá ẹ́ńjìnnì kékeré méjì tó ń lo iná bátìrì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, ó rọ irin tí yóò gbé wọn dúró, ó fà wáyà. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì, ojú méjèèjì là pọ̀, wọ́n sì pa dé pọ̀. Àléébù kan ló kù. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, fúsíbù á jó. Fúsíbù ni wáyà kékeré tó máa ń kọ́kọ́ kú kí mọ́tò má baà jóná. Ó yẹ kó wá ìdí tí ó fi ń jó. Sọ̀fíyù yọ ọ́ dànù, ó sì fi wáyà kọ́pà tó nípọn sí ipò rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sóhun tó jó mọ́.

Àṣà àwọn mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Broukro ni pé ẹni tó tún mọ́tò ṣe kì í fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ àfi bí oníṣẹ́ mìíràn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tàjúdínì, mẹkáníìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, yà sí gáràájì Sọ̀fíyù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí kápò, ẹ jẹ́ ká wò ó kó tó jáde."

"Kí lo fẹ́ wò? Ìwọ tó dé lánàá láti ibi tí mi ò mọ̀?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti dé. Ibẹ̀ náà ni bàbá yín ti wá."

"Bàbá mi ló ti wá. Ọmọ ibí lèmi. Àjèjì kì í yẹ iṣẹ́ onílé wò."

Tàjúdínì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ó dáa, onílé. Ilé yín rèé o."

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Sọ̀fíyù wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó sì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò oní-mọ́tò. Botro ló ń lọ, sọ́dọ̀ Hàrúnà, bàbá Azeezah, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. Sìdíkátù, ìyá rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé Àlàájì mọ̀ pé o ń gbé e jáde?"

"Mo kàn fẹ́ dán an wò ni, Ìyá mi."

"Ṣé Botro ni wọ́n ti ń dán mọ́tò wò?"

Ó wọ mọ́tò, ó sì gbéra. Aṣọ àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lápá, á fún ni lẹ́sẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó dé Botro. Ó tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò la ojú, àwọn ọmọdé sì pariwo ayọ̀. "Tọ́ńtọ̀n, ẹ tún ṣe é," ni wọ́n ń wí, bí ọmọdé ibẹ̀ ṣe ń pe ọkùnrin tó jù wọ́n lọ. Ó tún ṣe é. Ó mú kí mọ́tò náà máa ṣẹ́jú sí Azeezah, ọmọbìnrin náà sì fi ìborùn bo ẹ̀rín rẹ̀.

Hàrúnà fa imú. "Sọ̀fíyù, ó tó báyìí. Nǹkan kan ń rùn."

"Òórùn irin tuntun ni, Bàbá."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Èéfín rú jáde lábẹ́ kápò, iná sì sọ. Àwọn ènìyàn fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi bá a jà. Kò pa ẹnì kankan lára, ṣùgbọ́n iwájú mọ́tò jó di èédú. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ bèèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

"Anago kan láti Bouaké ni," ni wọ́n dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Sọ̀fíyù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá Abidjan dé, ó wo mọ́tò, ó mi orí, ó sì padà. Àlàájì kò pariwo. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n rí ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe. Wọ́n ti rí i." Hàrúnà dá obì tí Sọ̀fíyù fi tọrọ Azeezah padà. Kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò wá sí gáràájì náà mọ́, àwa ènìyàn rẹ̀ pàápàá kò gbé e wá. Nígbà tó yá, Sọ̀fíyù kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Mamini, ó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Bó bá ti parí iṣẹ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ á dúró tì í, á ní, "Ṣí kápò, àjèjì, jẹ́ kí n wò ó."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún ni dà bí fúsíbù: ó lè máa dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ilé jó. Ẹ má ṣe yọ ọ́ dànù nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bí yín nínú. Ẹ má sì ṣe fi ọ̀pá tí ayé fi ń nà yín na ará ilé yín, torí pé lọ́jọ́ tí ìtìjú bá dé, orúkọ ìdílé tí ẹ sá fún ni wọn yóò fi pè yín.