Ọgbà Tí Ìka Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Obìnrin tó ni ilé na ìka kan sókè kí káfíńtà lè rí i dáadáa.

"Ìka yìí ò gbọdọ̀ rí àyè wọ àárín pákó kan sí èkejì. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Kò ní wọ̀ ọ́."

Wáyà lásán ló yí àgbàlá náà ká tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ní títì ló ń rí inú rẹ̀. Ẹni tó ń ta pákó ló júwe káfíńtà fún wọn, ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

"Ọkùnrin kan ni ò jẹ́ kí n gbádùn," obìnrin náà wí. "Abẹ́ igi òdìkejì títì yẹn ló máa ń dúró sí. Tí ọmọ mi bá ti ti ilé ìwé dé, tó ń ṣeré, á máa wò ó. Fìlà ló fi ń bojú. Kí ọkọ mi tó débẹ̀, ó ti pòórá."

"Ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ rí?"

"Kò bá a sọ nǹkan kan rí. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Ó pẹ́ gan-an kí a tó rí ọmọ yìí, káfíńtà. Mi ò sùn mọ́."

Káfíńtà wolẹ̀. Ó ní òun á ṣe é dáadáa.

Òkìtì méjì ló wà ní ìsọ̀ pákó, tútù àti gbígbẹ. Pákó tútù máa ń sún kì tí oòrùn bá pa á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àlàfo tí ojú lè gbà ríran á ti yọ, oòrùn làwọn èèyàn á sì bú, wọn ò ní bú káfíńtà. Ó dúró láàárín òkìtì méjèèjì títí ẹni tó ń tà á fi bi í bóyá ó fẹ́ gbé ọ̀kan níyàwó ni. Gbígbẹ ló kó.

Ó fi iná jó ìdí àwọn òpó títí wọ́n fi dúdú, kí ikán má baà rí wọn jẹ. Ó rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó da kọnkéré sí i. Ó jẹ́ kí etí pákó kọ̀ọ̀kan gorí èkejì. Baálé ilé wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọgbà la ní kẹ́ ẹ ṣe o, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi."

"Mo fẹ́ kó lo ogún ọdún ni, sà."

Ní Sátidé, ọmọ náà jáde wá. Ọmọ ọdún méje ni, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ó fi ọwọ́ òsì na ìṣó sí káfíńtà.

"Ọwọ́ ọ̀tún," ìyá rẹ̀ wí láti ojú fèrèsé. "Ẹ má bínú, káfíńtà. A ò mọ ibi tó ti rí òsì yẹn, kò sẹ́ni tó ń lò ó nínú wa."

"Kò sí wàhálà, mà."

Káfíńtà yí òòlù láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, ó sì gbá ara rẹ̀ ní àtàǹpàkò. Ọmọ náà di ọwọ́ náà mú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Omi lé sójú káfíńtà.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí díẹ̀."

Ọ̀sán Mọ́ńdè ló parí. Obìnrin náà fi ìka wá àyè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgbà dé òpin, kò rí. Ó di ọwọ́ káfíńtà méjèèjì mú.

"Ẹ ti fún mi ní oorun mi padà."

Nígbà tí ọmọ ti ilé ìwé dé, káfíńtà ti sọdá títì, ó ti yọ fìlà láti ìsàlẹ̀ àpò irinṣẹ́, ó ti fà á bojú, ó sì dúró lábẹ́ igi, ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìníyàá lọ́dún méje sẹ́yìn, kò sì rí nǹkan kan àfi pákó.