Ẹ̀ka Tí Kò Ga

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìntì gé ẹ̀ka kúkúrú tó gbẹ̀yìn lára igi òdòdó rósì inú ọgbà wọn, ó jù ú sílẹ̀. Ó ti gé ìwọ́ ọmọ àìmọye, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀ rí. Ọkọ rẹ̀, tí àìsàn so mọ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní òun fẹ́ gbóòórùn rósì funfun wọn lẹ́ẹ̀kan sí i; ìyẹn ló ṣe ń tún igi náà ṣe kó lè tanná.

Ọkùnrin tó ta rósì náà fún wọn wọ inú ọgbà, ó dúró sójú kan.

"Mà, kí lẹ gé yìí?"

"Èyí tó ń ráre ni. Ó ń jẹun, kò sanra, ó ń bá àwọn gíga yìí du ilẹ̀."

"Òun gan-an ni rósì funfun yín. Mo gé ẹ̀ka rẹ̀ so mọ́ ìdí rósì igbẹ́ kí méjèèjì lè dàgbà pọ̀, kó lè máa jẹun lára rẹ̀ ni. Àwọn gíga yìí, rósì igbẹ́ ni gbogbo wọn. Wọn kì í ta sánsán."

"Ṣé á tún hù?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ wá ìdí igi náà yíká; kò rí ẹ̀ka rósì funfun kankan tó ṣẹ́kù.

Agbẹ̀bí ṣa ẹ̀ka náà. Òdòdó kan tí kò tíì là fara pamọ́ sábẹ́ ewé rẹ̀, funfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Kò mọ ìgbà tó fún òdòdó náà fọ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, òórùn rẹ̀ sì ta sánsán.

"Ìyàwó mi," ọkọ rẹ̀ pè é láti ojú fèrèsé, "ó ti tanná, àbí? Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀."